Ogún Ọdún tí Mo Fi Kọ Orúkọ Àrùn Inú

Ọmọ ọmọ mi kan bi mí léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Grandma, for that hospital, you be doctor abi nurse?" Mo ní n kì í ṣe dókítà, n kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "So wetin you come dey do there for twenty years?" Ẹ̀rín pa mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rẹ́rìn-ín tán, ọ̀rọ̀ náà dùn mí díẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ dókítà, kò sì sí ẹni tó mọ̀ wá. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wo ọ̀tún, tí ẹ ń wo òsì, nípa iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ fà mọ́ mi díẹ̀, kí ẹ gbọ́ èsì tí mo fún ọmọ yẹn.

Èmi ni mo ń kọ orúkọ àrùn sílẹ̀. Yàrá káàdì ni mo wà, níbi tí fèrèsé kékeré kan ti kọjú sí àwọn aláìsàn. Kí dókítà tó fọwọ́ kan aláìsàn, a ó ti fọwọ́ kan káàdì rẹ̀. Bí dókítà bá sì ti wò ó tán, a ó gba káàdì náà padà, a ó ka àrùn tó kọ síbẹ̀, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ẹni tó ṣe irú àìsàn báyìí àti ohun tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Ẹ má fojú kéré e o.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí. Ìjọba gbé ọkọ mi, Bàbá Túndé, tó ń ṣiṣẹ́ ojú títì, wá sí Bìní lọ́dún tí ogun Bìáfírà parí, a sì gba ilé sí àdúgbò Oregbeni. Mo ti ṣe tíṣà rí, ìkọ̀wé mi dára, ilé ìwòsàn kan ń wá akọ̀wé, wọ́n sì gbà mí. Owó oṣù náà kò ní ìròyìn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ọ̀gá wa ni kí n ròyìn. Ọ̀gbẹ́ni Osaro ni wọ́n ń pè é, ọmọ Bìní gan-an, ó kúrú, ó gbó, ó fi òwú dúdú so apá kan awò ojú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn sójà ló ti kọ́ iṣẹ́ náà kí èmi tó gbọ́njú. Àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti wo èékánná mi. Ó ní ata wà lábẹ́ rẹ̀, pé ata á ba káàdì jẹ́, kí n lọ fọ ọwọ́. Mo fọ̀ ọ́, mo padà dé. Ó tún ní kí n lọ fọ̀ ọ́. Èmi abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́ta, ẹni ọdún márùn-dín-lógójì, mo ń sáré lọ sídìí ẹ̀rọ omi bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀! Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gba ilé lọ. Ṣùgbọ́n ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná.

Ọ̀gá Osaro ní àṣà kan tí n kò rí níbòmíràn. Ó pín ara èèyàn fún àwa akọ̀wé rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń pín ẹran iléyá. Ẹnì kan gba orí àti ojú, ẹnì kan gba àyà àti ọkàn, ẹnì kan gba egungun. Èmi tí mo dé kẹ́yìn, inú ló fún mi: láti ọ̀nà ọ̀fun tí oúnjẹ ń gbà, dé àpò tó ń gba oúnjẹ, dé orí ìfun, pẹ̀lú òróòro tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀. Ojú-ewé tirẹ nínú ìwé ńlá, ìwọ lo ni ín. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ìwọ ló máa jíhìn.

Àwọn orúkọ àrùn náà dẹ́rù bà mí. Ọ̀rọ̀ kan á gùn láti etí káàdì kan dé èkejì. Ọ̀gá Osaro gbé ọ̀kan síwájú mi, kolesisitáítísì, ó fi gègé fa ìlà sí i níbi mẹ́ta. "See am well," ó ní. "Na fowl be this. Find the joint before you put knife." Ó wá là á yé mi. "Kole" ni òróòro. "Sisiti" ni àpò. "Áítísì" ni pé nǹkan náà wú, ó ń gbóná, ó ń ro èèyàn. Nítorí náà, àpò òróòro tó wú ni. Bí o bá yọ ìrù yẹn, tí o fi "lítíásísì" síbẹ̀, òkúta ló wà nínú àpò náà. Bí o bá fi "ẹ́kítọ́mì" síbẹ̀, wọ́n ti là á, wọ́n ti gé àpò náà kúrò pátápátá. Bí ìrù bá wà níbẹ̀ tí o pa orí dà sí "gasitiro", o ti kúrò lọ́dọ̀ òróòro, o ti bọ́ sínú àpò oúnjẹ.

Ẹ wò ó, bí ẹni tó ń rí iná mànàmáná fún ìgbà àkọ́kọ́ ni mo rí. Ọ̀rọ̀ tó dà bí èpè, ó ní oríkèé! Bí mo bá ń ro ọkà nílé, màá máa kà wọ́n. Túndé mi á yọjú sí ilé ìdáná: "Mummy, who you dey curse?" Màá ní, "Ìwọ ni, bí o kò bá lọ pọn omi."

Ọ̀rọ̀ kan wà tó pa mí lẹ́kún. Disifájíà ni: kí èèyàn má lè gbé oúnjẹ mì. Ìyá mi ní Ọ̀wọ̀, ohun tó pa á nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iṣu, ó di ẹ̀kọ, ó di omi. Gbogbo ohun tí a mọ̀ wí ni pé nǹkan dí i lọ́fun, àwọn kan sì ń dárúkọ àwọn ọ̀tá rẹ̀ ládùúgbò. Ọjọ́ tí mo kọ disifájíà sórí ojú-ewé mi, tí mo rí orúkọ aláìsàn méje tí wọ́n ti wà lábẹ́ rẹ̀ kí n tó dé, mo gbórí lé tábìlì. Àìsàn ni, kì í ṣe ọ̀tá. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ yìí ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀.

Òfin kan wà tí Ọ̀gá Osaro kì í fi ṣeré. Nídìí fèrèsé, a kò gbọdọ̀ gba "Mama Lágbájá" tàbí "Papa Làkáṣègbè" lórúkọ. "Ask am the name wey him mama give am. Card no sabi respect." Bẹ́ẹ̀ ni yóò wí láràárọ̀. Àwọn akọ̀wé tí wọ́n jẹ́ ọmọ Bìní kò ní ìṣòro pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ńkọ́? Ọmọ Yorùbá wo ló máa wo ojú ẹni tó dàgbà ju ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lọ, tó máa ní kí ó dárúkọ ara rẹ̀? Ní Ọ̀wọ̀, wọ́n á ní n kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Àwọn ará ilé wa tí wọ́n ń tajà ní ọjà New Benin, bí wọ́n bá ti yọ sí fèrèsé, èmi ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń pè. Màá kúnlẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé, màá ní, "Ẹ kú ara líle mà." Wọ́n á ní, "Ìyá Bọ́lá ni." Màá kọ Mama Bola, New Benin. Ọ̀gá kò gbọ́ Yorùbá, kò mọ̀. Mo tiẹ̀ ń rò ó pé ọmọlúàbí ni mo ń ṣe.

Ọdún kẹrin mi ni ẹ̀san dé. Obìnrin kan wá sí fèrèsé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó ká ara rẹ̀ kò, ó fi ọwọ́ méjèèjì di òkè inú rẹ̀ mú. Òwú àti bọ́tìnnì ló ń tà ní New Benin.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà," mo ní. "Ta ni kí n pè yín?"

"Ìyá Bọ̀sẹ̀ ni, ọmọ mi. Ìyá Bọ̀sẹ̀ ti New Benin."

"Ṣé ẹ ti wá síbí rí?"

"Mo ti wá rí. Jọ̀ọ́, inú yìí ń pa mí."

Ojú ṣì ń tì mí láti tẹ̀ síwájú. Mo wọ ìdí àpótí tí a ń kó káàdì sí, mo rí Mama Bose, New Benin. Mo fà á yọ, mo gbé e fún un. Ó súre fún mi. Nínú káàdì yẹn ni àwòrán inú tí wọ́n ti yà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn wà, òkúta hàn nínú àpò òróòro gbangba. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán bàjẹ́ lọ́sẹ̀ náà, àwòrán tó wà nílẹ̀ ni wọ́n sì lò. Wọ́n dá obìnrin náà dúró, wọ́n ní wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún un.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún dé ọ̀dọ̀ wa bí ìṣe rẹ̀. Àṣà wa ni pé a ó ti fi pẹ́ńsù kọ orúkọ wọn sí ojú-ewé tó yẹ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo ṣí ojú-ewé kolesisitẹ́kítọ́mì. Mo kọ Mama Bose, New Benin. Ojú mi wá bọ́ sí òkè ojú-ewé kan náà. Mama Bose, New Benin. Ìkọ̀wé èmi fúnra mi ni, ti ọdún méjì sẹ́yìn.

Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn tó kọ ìwé náà ló ṣèèṣì. Mo tún un kà. Àpò òróòro kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti gé e kúrò lọ́dún méjì sẹ́yìn, kí ni wọ́n tún fẹ́ gé lónìí? Mo sáré lọ sídìí àpótí. Mo tú u títí mo fi rí káàdì kejì ti Ìyá Bọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tí ìròyìn iṣẹ́ abẹ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Okùn tó so ó mọ́ ti àkọ́kọ́ ti já, ó ti bọ́ sẹ́yìn. Ìyá Bọ̀sẹ̀ méjì ló wà ní New Benin. Mo ti gbé inú ẹnì kan fún ẹlòmíràn.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ òótọ́. Mo dúró. Rọ́bà ìpa-nǹkan-rẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá pa orúkọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ rẹ́, tí mo dákẹ́, ta ni yóò mọ̀ pé èmi ni? Wọ́n máa lé mi bí mo bá sọ ọ́. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé ìwé. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn ti súre fún mi. Mo gbé ìwé náà, mo lọ bá Ọ̀gá Osaro, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan pé ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń gba Mama àti Papa lórúkọ.

Kò bú mi. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀. "Carry the book," ó ní. "Run."

Àgbàlagbà yẹn sáré o! Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ na ọwọ́ dí wa lọ́nà, ó ní akọ̀wé kì í débẹ̀. Ọ̀gá Osaro kígbe pé bí wọn kò bá pe dókítà wá, òun máa jókòó sójú ọ̀nà. Dókítà àgbà jáde, ó ti fi aṣọ bo imú, inú ń bí i. Ọ̀gá tì mí síwájú. "Talk am."

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi sọ ọ́. Mo ní, "Sà, ẹni tó ni káàdì tó wà lọ́wọ́ yín, lítíásísì ló ṣe, ó sì ti ṣe ẹ́kítọ́mì. Òróòro rẹ̀ kò sí mọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì nìyẹn, àpá gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀."

Dókítà wò mí. Ó wọlé, ó ká aṣọ kúrò lójú inú obìnrin náà. Inú náà ń dán, kò ní àpá kankan. Dókítà náà kò gbọ́ Yorùbá, ó bá pè mí wọlé, ó ní kí n bi obìnrin náà ta ni í ṣe.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Abẹ́rẹ́ oorun ti ń mú un. "Ẹ jọ̀ọ́ mà," mo ní, "ẹ má bínú. Kí ni orúkọ tí ìyá yín sọ yín?"

Ó la ojú díẹ̀díẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́," ó ní. "Àbẹ̀kẹ́ Adéògún. Ta ló rán ẹ? Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí bẹ́ẹ̀."

Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún. Bí mo bá ti bi í ní Ọjọ́ Ajé, ìṣẹ́jú kan péré ni ì bá gbà.

Wọ́n dá iṣẹ́ abẹ dúró. Nígbà tí wọ́n tún ẹ̀rọ ṣe, wọ́n fún un ní omi funfun kan mu, ó sì hàn nínú àwòrán pé ọgbẹ́ ló wà ní orí ìfun rẹ̀, ó ti ń fẹ́ ṣẹ̀jẹ̀. Nǹkan kan kò ṣe òróòro rẹ̀. Oògùn ni wọ́n fi wò ó, wọ́n ní kí ó má lo oògùn ara ríro tó máa ń gbé mì lójoojúmọ́ mọ́. Ó san. Ó padà sídìí òwú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn gan-an, dókítà kọjú sí wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní ta ló mú káàdì náà jáde. Mo ní èmi ni. Ọ̀gá Osaro bọ́ síwájú mi. "Na me train am, sir. If una wan write query, make una write my own first." Ọkùnrin tó ní kí n fọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì! Bí a bá ń fọwọ́ ọ̀tún na ọmọ ẹni, à ń fi tòsì fà á mọ́ra. Dókítà wá bi mí pé ta ló kọ́ mi ní ìyàtọ̀ lítíásísì àti ẹ́kítọ́mì. Mo nawọ́ sí ọ̀gá mi. Wọn kò lé ẹnikẹ́ni.

Ìyà mi kò fò mí ṣá. Ọ̀gá Osaro ní kí n kó gbogbo káàdì tí "Mama" tàbí "Papa" wà lórí rẹ̀ jáde, kí n wá orúkọ olúkúlùkù lọ. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe é. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo lọ sí ìpàdé àwọn ará Oǹdó àti ará Ìjẹ̀ṣà, mo lọ dé ibùdókọ̀ Aduwawa. Bàbá arúgbó kan ní, "O ń bi mí lórúkọ! Ṣé o fẹ́ fẹ́ mi ni?" Gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ ó sọ ọ́. Àwọn obìnrin ló yà mí lẹ́nu jù. Wọ́n á kọ́kọ́ tijú, wọ́n á fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n á wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ojú wọn á sì dán.

Nígbà tó yá, ayé yí. Nọ́ńbà rọ́pò orúkọ nídìí àpótí. Ọ̀gá Osaro fẹ̀yìn tì, mo jókòó sórí àga rẹ̀, mo sì ń wo èékánná àwọn ọmọ tuntun. Wọ́n mú ẹ̀rọ kan dé tí wọ́n kàn ń fi í ra inú, òkúta òróòro á sì hàn lójú ẹsẹ̀, láìmu omi funfun. Wọ́n mú okùn kan dé tó ní ojú lẹ́nu, wọ́n ń tì í gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú lọ wo ọgbẹ́. Orúkọ tuntun dé pẹ̀lú wọn, mo sì gé gbogbo wọn ní oríkèé. Dókítà àgbà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn sí mi. Àwọn ọmọ yunifásítì, tí òmíràn ga ju ìlẹ̀kùn lọ, wọ́n á tò síwájú tábìlì mi, màá ní, "Adìyẹ ni. Níbo ni oríkèé rẹ̀ wà?" Púpọ̀ nínú wọn ti di ọ̀gá dókítà báyìí. Mo yọ̀ nígbà náà, mo ṣì ń yọ̀. Ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀, mo ṣiṣẹ́ fún un.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, mo ń kó nǹkan mi sínú àpò nígbà tí mo gbọ́ ariwo nídìí fèrèsé. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní, "Mama, your name?" Ohùn arúgbó kan dáhùn ketekete: "Àbẹ̀kẹ́ Adéògún. Ara mi dá, n kò wá gba káàdì. Obìnrin tó ń fẹ̀yìn tì lónìí ni mo wá kí."

"Ah, Mama Túndé."

"N kò bi ẹ́ lórúkọ ọmọ rẹ̀."

Ó wọlé tọ̀ mí wá, ó gbé páálí òwú aláràbarà kan lé mi lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀. Ó fà mí dìde, ó wò mí lójú. "Ìwọ tí o lọ káàkiri Bìní tí o ń bèèrè orúkọ gbogbo wa," ó ní, "kí ni ìyá tìrẹ sọ ẹ́?"

Tíṣà ni wọ́n ń pè mí rí, mo di Ìyàwó, mo di Ìyá Túndé, mo di Mama Káàdì. Ẹni tó ń fi orúkọ náà pè mí, ọ̀fun rẹ̀ ti dí kí n tó dé Bìní. Mo gbé itọ́ mì.

"Mobọ́láńlé ni, mà."

Àbẹ̀kẹ́ gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Mobọ́láńlé," ó ní, "o kú iṣẹ́."